Bọ́ọ̀lù Ẹlẹ́ni Mẹ́fà: Eré Àwọn Ọmọbìnrin Ìgbèríko Iowa Tí Ó Kógbá Sílé

Nígbà tí a bá dárúkọ Amẹ́ríkà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn púpọ̀ nínú wa ni ilé gogoro, ọ̀nà tí mọ́tò ń wọ́ lọ lórí rẹ̀ bí ìjàlọ, àti ariwo àwọn ìlú ńlá bíi New York àti Chicago. Ìtàn tí a mú tọ ẹ̀yin òǹkàwé wa wá lónìí kò sí níbẹ̀. Oko ni ó wà. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ojú kò ti lè tó òpin oko àgbàdo, tí àwọn ènìyàn ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, tí ìletò kan sì lè ní ilé ìjọsìn kan, ilé ìtajà kan, àká ọkà gíga kan àti ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Nínú irú ìletò bẹ́ẹ̀ ni eré ìdíje kan ti gbilẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún, tí ó di ohun àmúyangàn fún tọmọdé tàgbà, tí ó sì kógbá sílé ní ọdún 1993. Eré àwọn ọmọbìnrin ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ irú eré tí í ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith gbé agbọ̀n èso méjì kọ́ sí gbọ̀ngàn ìdárayá, ó sì ní kí àwọn ọmọkùnrin tí ó ń kọ́ máa ju bọ́ọ̀lù sínú wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan fi gbóná ara nígbà tí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jáde síta. Eré náà ni a ń pè ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lónìí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn obìnrin fi gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1892, olùkọ́ obìnrin kan, Senda Berenson, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Smith tí ó wà fún àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ kan náà, mú eré yìí, ó sì tún un ṣe. Ó pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ní kí oníkálùkù dúró sí ìpín tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó fà á ni pé ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni pé ara obìnrin kò lè gba sáré-síhìn-ín-sáré-sọ́hùn-ún, àti pé kò bójú mu kí obìnrin máa fi ara gbún ara ní gbangba.

Irú eré Berenson yìí ni ó dé Iowa, tí ó sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sọ ìpín mẹ́ta náà di méjì, bí ó sì ṣe wà nìyẹn títí dé òpin. Ọmọbìnrin 6 ni ó ń wọ pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn 3 jẹ́ ajùsáwọ̀n, wọ́n wà ní ìdajì pápá kan. Àwọn 3 yòókù jẹ́ adènà, wọ́n wà ní ìdajì kejì. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ kọjá ìlà àárín. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta á nílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó jù ú sí ẹnìkejì rẹ̀ tàbí kí ó jù ú sáwọ̀n. Bí ikọ̀ kan bá ti jẹ àmì, wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín fún àwọn ajùsáwọ̀n ikọ̀ kejì. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé adènà kì í ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láé. Ọmọbìnrin kan lè kópa nínú eré yìí fún ọdún 4 gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí ó má sì jẹ àmì kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti dí nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ tiwa níbi tí wọ́n ti ń ṣe nẹ́tíbọ́ọ̀lù kò ní í ṣàì rí i pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni eré méjèèjì.

Ìdíje àkọ́kọ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ Iowa wáyé ní ọdún 1920 ní Yunifásítì Drake ní ìlú Des Moines tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ipò kìíní wá láti Correctionville, ìlú kékeré kan ní apá ìwọ̀-oòrùn. (Orúkọ ìlú náà dùn ún sọ: láti ara ìlà àtúnṣe tí àwọn awọnlẹ̀ fà gba ibẹ̀ kọjá ni ó ti ṣẹ̀ wá, àwọn òpópónà ìlú náà sì yà díẹ̀ níbi tí ìlà náà wà.) Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayọ̀ ni gbogbo ènìyàn fi gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Láàárín àkókò kan náà ni àwọn dókítà àti àwọn olùkọ́ ìdárayá ní gbogbo Amẹ́ríkà ti ń pariwo pé ìdíje yóò ba ọmọbìnrin jẹ́: pé yóò ba ilé-ọmọ rẹ̀ jẹ́, pé yóò sọ ọ́ di akọ, pé kò yẹ kí àwọn ọkùnrin máa san owó láti wo ọmọbìnrin tí ó ń làágùn. Ní ọdún 1923, wọ́n pe àpérò ńlá kan ní Washington lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ṣe aṣáájú níbẹ̀ ni Lou Henry Hoover, tí ọkọ rẹ̀, Herbert Hoover, wá di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1929. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí gbogbo ọmọbìnrin máa ṣeré, ṣùgbọ́n kí ìdíje, ife-ẹ̀yẹ àti ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú dópin. Ohun tí ó jọni lójú níbẹ̀ ni pé ọmọ Iowa ni ìyáàfin náà. Ìlú Waterloo ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1874.

Ìmọ̀ràn yìí wọ àwọn ìlú ńlá létí. Láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ìdíje àwọn ọmọbìnrin tu bí ẹni ń fa koríko. Ní ọdún 1925, ó kan Iowa. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ náà ṣe ìpàdé ní Des Moines, àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá láti àwọn ìlú tí ó tóbi sì fi ìbò wọn dá a lẹ́bi pé kí ẹgbẹ́ náà yọ ọwọ́ kúrò nínú ìdíje àwọn ọmọbìnrin. Níbi ìpàdé yìí ni John W. Agans ti dìde. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, láti Mystic, ìlú àwọn awakùsà èédú. Ó kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá gbìyànjú láti pa eré yìí, kí wọ́n mọ̀ pé àárín ojú irin ni wọ́n dúró sí, ọkọ̀ ojú irin sì ń bọ̀. Wọn kò gbọ́. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké bá kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà fún eré ìdíje àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama Iowa nìkan. Kò sí irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà, kò sì sí i títí di òní.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ni ó mú kí àwọn ará oko di eré yìí mú nígbà tí àwọn ará ìlú ti sọ ọ́ nù? Ìdí kan ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kò ní ọmọkùnrin tí ó pọ̀ tó láti fi ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni mọ́kànlá ti àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn àti owó aṣọ àti àṣíborí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní ọmọbìnrin 20 péré, ó lè yọ 6 nínú wọn kí ó sì tún ní àwọn tí yóò jókòó dè wọ́n. Ìdí kejì ni pé ní oko, kò sí ẹni tí ó gbà pé ọmọbìnrin kò lágbára. Ọmọbìnrin tí ó ti fún wàrà màlúù kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó ti gbé àpò oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí ó sì ti bá bàbá rẹ̀ kó koríko gbígbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìta bọ́ọ̀lù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yóò pa á lára? Ní tèmi, mo rò pé ìdí kejì yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí ó sọ pé ara obìnrin kò lè gba ìdíje jẹ́ àwọn tí kì í rí obìnrin níbi iṣẹ́ agbára.

Báyìí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìletò ṣe ń díje láàárín ara wọn. Àwọn tí wọ́n wà nítòsí ara wọn a dá ẹgbẹ́ ìdíje sílẹ̀, wọn a máa ṣe àbẹ̀wò sí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n bá ti kórè àgbàdo tán títí di ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́. Ní alẹ́ tí eré bá wà, àwọn ọmọbìnrin ni wọn yóò kọ́kọ́ wọ pápá, àwọn ọmọkùnrin yóò sì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, eré àwọn ọmọbìnrin ni èrò ń tìtorí rẹ̀ wá. Gbọ̀ngàn náà a kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyá tí wọ́n jókòó níbẹ̀ ti ṣe eré náà rí, àwọn ìyá-ìyá pàápàá ti ṣe é rí. Nígbà tí rẹfirí bá fun fèrè, kì í ṣe pé wọ́n ń wo ọmọ nìkan ni. Wọ́n mọ òfin náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí jẹ́. Ní àwọn ibi yòókù ní Amẹ́ríkà, bàbá ni ó ń sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ bí ìgbà tirẹ̀ ti rí. Ní Iowa, ìyá ní ìtàn tirẹ̀ láti sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀.

Òpin gbogbo rẹ̀ ni ìdíje àṣekágbá ní Des Moines ní oṣù Kẹta ọdọọdún. Láti ọdún 1955 tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìrántí àwọn ológun, ibẹ̀ ni ìdíje náà wà. Ó lè gba nǹkan bí 15,000 ènìyàn, ó sì ń kún. Ẹni tí ó sọ ọ́ di ayẹyẹ ni E. Wayne Cooley, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1954 títí di ọdún 2002. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn onílù wá, ó jẹ́ kí gbogbo ikọ̀ tò wọlé pẹ̀lú àsíá, ó sì wọ àwọn ọmọkùnrin tí ń gbá ojú pápá láàárín eré ní aṣọ ìnáwó dúdú pẹ̀lú táì ọrùn. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọkùnrin nínú aṣọ ìgbéyàwó ń gbálẹ̀ fún ọmọbìnrin láti ṣeré! Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń gbé e káàkiri Iowa àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká. Owó tí ó ń wọlé láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà sì fi ń bọ́ àwọn eré mìíràn fún àwọn ọmọbìnrin, bí eré sísá àti sọ́fítíbọ́ọ̀lù. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọkùnrin ni àwọn tí ó jókòó sórí àga àṣẹ ẹgbẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin sì ni púpọ̀ nínú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn kò gbàgbé láti sọ èyí, àwa náà kò ní í fi pamọ́.

Nínú gbogbo ìdíje tí ó wáyé, ti ọdún 1968 ni ẹnu àwọn ará Iowa kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ikọ̀ méjì ni ó pàdé ní àṣekágbá: Union-Whitten àti Everly. Denise Long ni ajùsáwọ̀n Union-Whitten, Jeanette Olson sì ni ti Everly. Long ti jẹ àmì 111 nínú eré kan ṣoṣo ní ọdún náà, ó sì ti jẹ 93 nínú eré kan ní Des Moines kí àṣekágbá tó dé. Ní alẹ́ àṣekágbá, àkókò pé, ikọ̀ méjèèjì rí bákan náà, a ní láti fi àkókò kún un. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Union-Whitten ní 113, Everly ní 107. Olson nìkan jẹ àmì 76 nínú ti Everly. Long jẹ 64. Ẹni tí ó jẹ àmì jù ni ikọ̀ rẹ̀ pàdánù. Kí ẹ tó sọ pé àwọn adènà kò ṣiṣẹ́, ẹ rántí pé ajùsáwọ̀n 3 péré ni ó ń dojú kọ adènà 3 nínú ìdajì pápá, àyè sì gbòòrò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tọ́ kò ṣeé dá dúró.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e tún ju ìyẹn lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí ń gbowó máa ń péjọ lọ́dọọdún láti pín àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbá láàárín ara wọn. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ San Francisco Warriors, ní ìpele kẹtàlá ìpín náà, dárúkọ Denise Long. Obìnrin! Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama láti oko àgbàdo! Walter Kennedy tí ó jẹ́ alákòóso àgbà líìgì náà fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní àwàdà ni ọ̀gá ẹgbẹ́ San Francisco náà, Franklin Mieuli, ń ṣe láti fi pe èrò. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, Long lọ sí San Francisco, ó sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Àmì 6,250 ni ó jẹ ní gbogbo ọdún tí ó lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ẹni tí ó kọjá rẹ̀ títí di ọdún 1987, nígbà tí Lynne Lorenzen ti ilé-ẹ̀kọ́ Ventura parí tirẹ̀ sí 6,736.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlù ń dún dáradára yìí, awọ rẹ̀ ti ń ya. Ẹ tún wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ọdún 1968: Union-Whitten. Orúkọ ìlú méjì ni. Àwọn oko ń tóbi sí i, ẹ̀rọ ń gba iṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú, ọmọ tí ó wà nínú ìletò sì ń dín kù. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń rọ àwọn ìletò láti pa ilé-ẹ̀kọ́ wọn pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì, kí owó lè tó. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ méjì bá di ọ̀kan, ikọ̀ méjì náà di ọ̀kan, àwọn tí ó ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà ìyá wọn a di ẹlẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ìdíje tí wọ́n wà nínú rẹ̀ a sì tú ká nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn díje mọ́. Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdíje ìgbèríko ṣe parẹ́ nìyẹn láìsí ariwo. Kò sí ẹni tí ó pa wọ́n. Ìwé ìkówójọ ni ó pa wọ́n.

Àárẹ̀ kejì wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tí a mọ̀ sí Title IX, pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ kúrò nínú ohun tí ọmọkùnrin ń jẹ ànfààní rẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1971 sí 1972, kí òfin náà tó múlẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ń kópa nínú eré ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ girama ní gbogbo Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 294,000, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin lé ní 3,600,000. Iowa kékeré yìí ni ilé púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Ó yẹ kí òfin tuntun náà jẹ́ ọjọ́ ọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, ẹlẹ́ni márùn-ún ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá, gbogbo pápá ni wọ́n sì ń sá kiri. Níbo ni adènà láti Iowa yóò wà, tí kò ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rí láti ọdún mẹ́rin? Ajùsáwọ̀n ńkọ́, tí kò dènà ẹnikẹ́ni rí? Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn láti dá yàtọ̀ ni ó wá ń dí wọn lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ ní Tennessee àti Oklahoma kí ó tó dé Iowa. Ní ọdún 1983, àwọn ọmọbìnrin kan ní Iowa gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ pé òfin ẹlẹ́ni mẹ́fà ń fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Cooley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ogun ti dé ẹnu odi. Ní ọdún 1984 wọ́n gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wù yí sí ẹlẹ́ni márùn-ún, nígbà tí ó sì di ọdún 1985, ìdíje méjì ni wọ́n ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ni ó kọ́kọ́ lọ, àwọn tí kò fẹ́ràn eré náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó wà láàárín tẹ̀ lé wọn. Àwọn ìletò dúró, ṣùgbọ́n bí ikọ̀ ti ń dín kù ni ó ń ṣòro fún wọn láti rí ẹni bá díje nítòsí. Ní ọdún 1993, ẹgbẹ́ náà pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Hubbard-Radcliffe ṣẹ́gun Atlantic ní Des Moines, wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ ẹlẹ́ni mẹ́fà tí ó kẹ́yìn lọ sílé. Hubbard-Radcliffe: orúkọ ìlú méjì, lẹ́ẹ̀kan sí i. Oklahoma nìkan ni ó ṣẹ́ kù, òun náà sì ṣe tirẹ̀ parí ní ọdún 1995.

Àwọn kan sunkún, àwọn kan ní ó ti yẹ kí ó ti kú tipẹ́. Nígbà tí mo wo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, mo rí i pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin kan náà ni wọ́n ń jà fún. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí eré náà wà ní i lọ́kàn pé òun ni ó dá ọmọbìnrin sí nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, pé òfin ẹlẹ́ni mẹ́fà ń fún ọmọbìnrin 6 ní àyè níbi tí ẹlẹ́ni márùn-ún fún 5, àti pé ọmọ tí kò lè sáré púpọ̀ lè wúlò. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ó kú wo ìlà tí ó wà láàárín pápá, wọ́n sì rántí ẹni tí ó fà á àti ìdí tí ó fi fà á: ìgbàgbọ́ pé obìnrin jẹ́ aláìlera. Ìlà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ lójú 15,000 ènìyàn, kò sí ẹni tí ó jẹ́ pè wọ́n ní aláìlera. Bí wọ́n bá bi mí, n ó ní àwọn tí ó pe ẹjọ́ jàre, n kò sì ní í bá àwọn tí ó sunkún wí.

Ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké dá sílẹ̀ kò bá eré náà kú. Ó wà síbẹ̀, ó ń ṣàkóso gbogbo eré ìdíje àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Iowa. Àṣà kí èrò máa wọ́ lọ wo obìnrin níbi bọ́ọ̀lù náà kò kú. Ní oṣù Kejì ọdún 1985, ènìyàn 22,157 ni ó wọ gbọ̀ngàn Yunifásítì Iowa láti wo ikọ̀ obìnrin ibẹ̀ àti ti Ohio State, èrò tí ó pọ̀ jù lọ tí ó tíì wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n gbé pápá kalẹ̀ ní ìta gbangba ní papa ìṣeré ńlá yunifásítì kan náà, ènìyàn 55,646 sì wá wo Caitlin Clark, ọmọ Iowa, àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ẹnu yà nígbà náà kò mọ ìtàn.

Ní ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìletò, orúkọ wọn ni ó kù. Monona, níbi tí Norma Schoulte ti jẹ àmì 111 nínú eré kan ní ọdún 1952, kí Denise Long tó dáyé dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ti wọnú ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ MFL MarMac, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àti gígé orúkọ ìlú márùn-ún. Ventura ti Lynne Lorenzen pa pọ̀ mọ́ Garner-Hayfield ní ọdún 2015. Hubbard-Radcliffe pa pọ̀ mọ́ Eldora àti New Providence. Union-Whitten wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ BCLUW: Beaman, Conrad, Liscomb, Union, Whitten. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi tí Denise Long ti wá nínú orúkọ náà yóò ní láti ka lẹ́tà náà dé ìparí.

Láti ọdún 2005, àwọn ìyá àgbà kan ti ń péjọ ní ìlú Lansing ní etí odò Mississippi, ní Iowa kan náà, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù náà ní ìlànà àwọn ọdún 1920. Ẹni tí kò bá tíì pé 50 ọdún kò lè bá wọn ṣe é. Wọ́n ń wọ ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn bí ti ìgbà náà, ẹlẹ́ni mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n sì pín pápá sí mẹ́ta, bí ó ti wà kí Iowa tó sọ ọ́ di méjì. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọn kò gbọdọ̀ sáré, wọn kò sì gbọdọ̀ fò.